Ìbọn Tó Ní Ìgúnpá

Òkèlè pupurú kan ṣì wà láàárín àwo àti ẹnu Jọọlá nígbà tí ìbọn kìíní dún. Òkèlè yẹn kò dé ẹnu mọ́. Ẹ̀yìn ọrùn Ọlálẹ́yẹ ló balẹ̀ sí, nítorí Ọlálẹ́yẹ ti dojú bolẹ̀ kí ariwo náà tó parí. Ọkùnrin yẹn ti ru àpótí fún òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tètè dùbúlẹ̀.

Oòrùn ti ga, òkun ń hó níwájú Abereke bó ṣe máa ń hó. Orí pèpéle ilé Ọlálẹ́yẹ ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Omi wà lábẹ́ wọn, omi wà láàárín wọn àti ilé Jọọlá, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ilé méjèèjì pọ̀. Ilé tí ìyá Jọọlá ti ń yan ẹja ló kọjú sí wọn. Ihò kékeré kan ti yọ lára ògiri rẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun, èéfín sì ń gba inú ihò náà jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ògiri ń mu tábà.

"Ta ló yìnbọn nínú ilé rẹ?" Ọlálẹ́yẹ bi í láti ilẹ̀.

"Ìye nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ìye rẹ ti wọ iṣẹ́ sójà?"

Jọọlá ti mọ ohun tó dún.

Sàláúdéènì ló ni ohun tó dún. Sàláúdéènì yìí ni ọkọ Moríkẹ́, àbúrò Jọọlá. Ó lọ bá òyìnbó ja ogun Kàmẹrúùnù, ó sì ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú bàtà sójà kan, ikọ́ kan, àti ìbọn pélébé Jámánì kan tó fi pa mọ́ sínú àpò ìrẹsì. Nígbà tí ìròyìn dé láti Igbokoda pé ọkọ̀ ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ wá tú ilé wò fún ìbọn tí kò níwèé, ó gbé e wá bá Jọọlá, nítorí ta ni yóò tú ilé apẹja tí kò mọ̀ ju àwọ̀n lọ?

Ọjọ́ náà ló tú u han Jọọlá, ó sì ń fọ́nnu bí ẹni tó bí i.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ máa ń rí ní ìbàdí ajẹ́lẹ̀, èyí tó níkùn roboto, ihò mẹ́fà ló wà nínú ikùn yẹn. Tó bá yìn ín mẹ́fà, ó ti tán nìyẹn, àfi kó dúró máa ki í. Òyìnbó ti kúrò níbẹ̀. Àwọn Jámánì kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan tí àpótí ọta rẹ̀ wà níwájú ìka, èkù rẹ̀ wá rí bí ọmọ odó. Ó dára, àmọ́ ó tóbi gbàgùdù. Ni ẹnì kan bá rò ó pé inú èkù yìí ṣófo lásán, kí ló dé tí ọta kò lè gbé ibẹ̀? Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi yìí nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà kan náà ṣe tirẹ̀, ẹ̀yìn tirẹ̀ ń fà sẹ́yìn bí dúrọ́ọ̀ tábìlì, mo gbọ́ pé òun ni gbogbo ayé ń wò kọ́ báyìí. Tèmi ò ní dúrọ́ọ̀. Ìgúnpá ló ní."

Lóòótọ́, ìgúnpá ló ní. Irin méjì ló so pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń ká sókè láàárín bí apá ẹni tó ń ki òkèlè bọ ẹnu.

"Ẹ mọ̀ pé tí ìbọn bá dún, ó máa ń ta padà lu èèyàn léjìká," Sàláúdéènì ń bá a lọ. "Ìtapadà yẹn ni wọ́n sọ di ẹrú nínú èyí. Òun ló ń ká ìgúnpá yìí sókè, á tu èèpo ọta dànù, á ki òmíràn sí ọ̀fun ìbọn, á tún nà padà. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ó ń bọ́ ara rẹ̀ ni. Ọta mẹ́jọ ló wà nínú èkù yìí, ọ̀fun rẹ̀ ṣófo. Ẹ má ṣáà ká ìgúnpá rẹ̀ fún mi."

"Kí ni n ó máa ká ìgúnpá ìbọn ṣe? Mo ti dàgbà."

Sàláúdéènì kò tíì rin ìdajì pákó tí Jọọlá fi ká a.

Ó dùn ún ká. Ó fà á sókè, ó jù ú sílẹ̀, ó gbọ́ ṣakaṣà. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé bóyá òun ti bà á jẹ́, ló bá tún fà á kó lè padà sí bó ṣe wà. Nǹkan kan pupa bí idẹ fò kọjá níwájú imú rẹ̀, ó sì gbọ́ pọ́ọ̀ nínú omi lábẹ́ ilé. Àlàfo kún ilẹ̀ ilé wọn, ohun gbogbo ló ń jábọ́ síbẹ̀, abẹ́rẹ́, ṣíbí, eyín ọmọdé. Àmọ́ ẹja náà máa ń fò lábẹ́ ilé, tí yóò sì dún pọ́ọ̀ bákan náà. Jọọlá kò mọ èwo ló gbọ́. Ó wé ìbọn náà ní kíákíá, ó gbé e sínú ìgèrè, ó sọ ìgèrè sínú omi, ó sì so okùn rẹ̀ mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ibi ìyanja. Ta ni yóò wá ìbọn nínú ohun tí wọ́n fi ń mú ẹja?

Ìyá rẹ̀ ni, Fẹ̀hìntọlá. Ìyá yìí kì í wá ìbọn, akàn ló ń wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú láti ọdún mẹ́ta, ìdí ló fi ń wọ́ káàkiri ilé ìyanja, kò sì sí okùn kan tó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ tí kì í fà wò. Ó fa ti ìgèrè, ó bá irin tútù níbẹ̀. Òun kò sì lè rí ohun tó tutù kó fi í sílẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ti inú omi jáde, orí àtẹ ìyanja ló ń lọ. Ó ti yan bàtà sójà Sàláúdéènì rí, ó di dúdú, ó ká kò bí ẹja àrọ̀. Ó yan Bíbélì Rhoda aya tísà, títí di òní tí Rhoda bá ṣí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ebi á máa pa àwọn ará ẹ̀yìn.

Òwúrọ̀ yẹn, ó ti kígbe sí Jọọlá láti inú ilé pé, "Mo ti ń bá ọ yan irin yín o," Jọọlá sì ti dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Ìye," láìgbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó sọ. Ìgbà yìí ló wá gbọ́ ọ.

Ìkejì dún. Ihò mìíràn yọ lára ògiri, nǹkan kan fọn kọjá lókè orí wọn, ó sì wọ inú òrùlé Ọlálẹ́yẹ. Jọọlá dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Ta ló ń ju òkúta lu ilé mi?" Ohùn Ìye ni. Etí rẹ̀ ti di díẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò di. "Jọọlá. Jáde wò ó. Tí mo bá dìde jókòó, màá sọ ohun tí ìyá-ìyá rẹ̀ ṣe fún un."

Ìyá Jọọlá dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́yìn ààrò, ọta sì ń kọjá lókè rẹ̀ kó tó lu ògiri. Ó wo bí ihò méjèèjì ṣe ga sí. Ibi tí orí ìyá rẹ̀ yóò wà gan-an tó bá dìde jókòó ni. Kò sì lè kúrò níbẹ̀ láìkọ́kọ́ jókòó.

"Ìye, ẹ má dìde," ó pariwo. "Ejò wà ní òrùlé. Ó ń wo orí yín. Ẹ dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ."

"Irú ejò wo ló ń ju òkúta?"

"Ẹ ṣáà dùbúlẹ̀."

Sàláúdéènì ti gbọ́ ìró náà láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó gun orí pèpéle láti ẹ̀yìn, ó fi àyà wọ́ wá bá wọn, ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń yin ìbọn mi?"

"Iná ni," Jọọlá wí. "Ìye so ó mọ́ àtẹ. Ó ń yan án."

Sàláúdéènì na ọrùn wo àwọn ihò ara ògiri. Ó ti jagun odidi ọdún kan àtààbọ̀, kò rí ibi tí wọ́n ti yan ìbọn rí. Lẹ́yìn náà ló kígbe sódì kejì, ó fara balẹ̀ bí ọmọ dáadáa. "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Irin mi tí ẹ so, báwo lẹ ṣe so ó?"

"Àna mi, mo so ó dáadáa," ìyá náà dáhùn. "Okùn àwọ̀n ni mo fi dì í mọ́ igi etí àtẹ kó má baà já sínú iná. Èkù rẹ̀ wà níta, ẹnu rẹ̀ ló wà lórí iná. Kí nìyẹn gan-an? Ṣé àgádágodo ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Àgádágodo ni."

Ta ni yóò bá ìyá náà wí? Ìbọn tó mọ̀ ni ṣakabùlà tó gùn ju ọkùnrin lọ, àti ti ajẹ́lẹ̀ tó níkùn. Èyí kò gùn, kò níkùn.

"Dídì tó dì í yẹn ló bà á jẹ́," Sàláúdéènì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ká ní ó kàn gbé e lé e ni, kò ní lágbára láti tún ara rẹ̀ kì. Ìyá wa dì í mú bí ọwọ́ sójà. Bí ọ̀fun rẹ̀ bá ṣe ń gbóná ni á máa yìn."

Ìkẹta dún lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ wá, èyí sì burú ju ariwo lọ. Èèyàn á máa retí, etí á máa hó. Àkùkọ kan kọ ní ọ̀nà Ugbonla, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì dì mọ́ pákó ilẹ̀ nítorí àkùkọ. Ìkẹrin dún. Jọọlá fẹ́ rákòrò gba orí pákó náà lọ, Sàláúdéènì di kókósẹ̀ rẹ̀ mú. Orí pákó yẹn gan-an ni ọta ń gbà kọjá.

Lẹ́yìn ìkarùn-ún, ohùn Ìye yí padà.

"Jọọlá, ejò rẹ ti fọ́ agolo kẹrosíìnì mi. Ó ń dà sílẹ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ iná."

"Púpọ̀ ni?"

"Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba àlàfo lọ sínú omi. Ìwọ̀nba kan ṣoṣo ló ń fà lọ síbi ààrò. Kò yára. Ó dà bí ìwọ nígbà tí mo bá rán ọ níṣẹ́."

Jọọlá rí ilé náà nínú ojú rẹ̀, tí iná bo imọ̀ gbígbẹ, tí ìyá rẹ̀ ń fi ìdí wọ́ nínú rẹ̀. Tí ìyá náà bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, iná. Tí ìyá náà bá jókòó, ọta. Tí òun fúnra rẹ̀ bá sì lọ, ta ló mọ̀ bóyá orí pákó ni yóò ti pàdé ìkan tó kù?

Ìkẹfà dún.

Ọlálẹ́yẹ bá dìde dúró. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó gbé akoto òyìnbó rẹ̀ lé orí, èyí tí ajẹ́lẹ̀ fún un nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan já. "Ó ti parí," ó wí. "Mo ru àpótí ajẹ́lẹ̀ fún oṣù méjì, mo nu ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ ara mi. Mẹ́fà ni ìbọn òyìnbó. Kò sí òyìnbó tó ń ka ju mẹ́fà lọ nídìí ìbọn. Jọọlá, lọ gbé ìyá rẹ."

"Bọ̀dá Ọlálẹ́yẹ, ẹ dùbúlẹ̀," Sàláúdéènì wí. "Oníkùn lẹ nù. Èyí ò níkùn."

"Kí ló fẹ́ fi mí—"

Ìkeje dún. Akoto náà kúrò lórí Ọlálẹ́yẹ, ó yí lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀run, ó sì balẹ̀ sínú omi bí ọkọ̀ kékeré. Ọlálẹ́yẹ kò dùbúlẹ̀, ó wó ni. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá orí rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," Sàláúdéènì wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jọọlá lára bí ìwọ̀. Ó rántí ohun pupa tó fò, ó rántí pọ́ọ̀.

"Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti tán?"

"Tó bá ti tán, ìgúnpá rẹ̀ á wà ní kíká. Kò ní nà padà mọ́."

Jọọlá yí ojú sí ògiri. "Ìye, ẹ má dìde. Ẹ kàn yíjú wo irin yẹn. Ìgúnpá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìgúnpá ta?"

"Ti irin náà, Ìye."

"Èéfín bo ojú mi. Dúró." Wọ́n dúró. Òórùn kẹrosíìnì ti kọjá sórí pèpéle báyìí. "Ó ká apá sókè bí ẹni tí olè jà lólè. Kẹrosíìnì ti dé ẹsẹ̀ ààrò o."

Jọọlá ti gbé orúnkún kan. Sàláúdéènì tún dì í mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ. Mẹ́jọ ni mo kì, ọwọ́ ara mi ni mo fi kì í. Méje ló dún. Tí ìgúnpá bá ká ní méje, èèpo ló há a lọ́fun. Ìkan ṣì ń bẹ níbẹ̀, ó gbóná, ó ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Mo ti rí i tó pa sájẹ́ǹtì kan báyìí."

"Mo ká a," Jọọlá wí.

"Ẹ ká kí ni?"

"Ìgúnpá. Ọjọ́ tí o gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ká a. Ìkan fò jáde, ó jábọ́ sínú omi."

Sàláúdéènì sún mọ́ àna rẹ̀. "Ẹ rí i tó jábọ́?"

Ì bá wu Jọọlá kó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Mo gbọ́ pọ́ọ̀."

"Ẹja náà ń dún pọ́ọ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," Jọọlá wí, ó sì dìde.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni pákó yẹn. Lójoojúmọ́ ló ń gbà á, kò kà á rí, ọjọ́ yẹn ló kà á. Ní gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń wo àwọn ihò méje tó wà lára ògiri, gbogbo wọn sì ń wò ó padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ìkòkò omi tó wà níbẹ̀, ó dà á lé iná lórí. Èéfín funfun bo gbogbo ilé, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó fọwọ́ tálẹ̀, ó kan ejìká ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́yìn bí ẹní gbé àpò iyọ̀, ó sì yíjú síta.

Àárín pákó ni wọ́n wà nígbà tó rí ojú Sàláúdéènì. Sàláúdéènì ti dìde dúró, ètè rẹ̀ ń lọ láìsí ohùn, àdúrà ló ń gbà. Jọọlá wá mọ̀ pé nǹkan gbígbóná kan wà lábẹ́ etí òun.

"Ìye," ó wí jẹ́jẹ́, "kí lẹ gbé dání?"

"Irin àna mi. Mo fi ọ̀bẹ ẹja gé okùn rẹ̀ nígbà tí o ń da omi. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ nínú kẹrosíìnì ni? Mo fi ìṣẹ́tí aṣọ dì í mú, ó gbóná."

Ẹsẹ̀ Jọọlá dúró. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Ẹnu ìbọn wà lábẹ́ etí rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló dì í mú, omi wà ní apá ọ̀tún, omi wà ní apá òsì, bí ó bá sì gbọ̀n jù, ọwọ́ ìyá rẹ̀ á fún. Àágùn ń wọ ojú rẹ̀, kò nù ún.

"Ìyá wa," Sàláúdéènì wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sínú omi fún mi."

"Sínú omi kẹ̀?" Ìyá náà gbé ìbọn náà sókè kó lè fi hàn án dáadáa, ẹnu ìbọn sì nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Jọọlá. "Ohun tí mo fi odidi òwúrọ̀ yan? Ó ti gbẹ. Mo fi igi tí mo fi ń yí ẹja tọ inú rẹ̀ láti ibi tí ìgúnpá rẹ̀ ká sí. Mo tọ ọ̀fun, mo tọ èkù. Kò sí omi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣófo gbáú."

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Jọọlá yẹ̀ lórí pákó. Òun, ìyá rẹ̀ àti ìbọn Jámánì náà jọ wọ inú omi pọ̀. Ọlálẹ́yẹ ló fa ìyá náà jáde, ìyá náà sì ń ráhùn pé wọ́n ti tún rẹ ohun tí òun yan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Sàláúdéènì mú ìbọn náà jáde nínú ẹrẹ̀, ó gbé ọkọ̀ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó sì sọ ọ́ sínú òkun. Nígbà tí ọkọ̀ ajẹ́lẹ̀ dé ní ọjọ́ kẹta, kò bá nǹkan kan. Ó kàn bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ ògiri, wọ́n ní kòkòrò ni.

Jọọlá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lọ́rùn rẹ̀. Tí ìbọn bá ṣófo lẹ́yìn méje, a jẹ́ pé òótọ́ ni ìkan jábọ́. Ó wà nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ ilé. Abẹ́ ilé yẹn gan-an sì ni wọ́n ti máa ń ṣa ìṣáwùrù fún Ìye, agbọ̀n kan tàbí méjì, ohun kéékèèké tó bá sì bá a wọlé, òun náà á gun àtẹ. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí omi bá ti fà, ẹ ó bá Jọọlá lábẹ́ ilé, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, tó ń fi ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri.

"Kí lo tún ń wá?" ìyá rẹ̀ á yọjú láti inú àlàfo.

"Kò sí, Ìye. Nǹkan kékeré kan tó jábọ́ ni."

"Má ṣe ìyọnu. Tí mo bá rí i ṣáájú rẹ, màá bá ọ yan án."